Àbọ̀ Ìwádìí Kò Tíì Dé Oko

Ẹ̀gẹ́ kan wà tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ń pè ní Ọkọ-ìyàwó. Àwọn ló sọ ọ́ lórúkọ, àwọn ló ń gé ọ̀pá rẹ̀ gbìn láti ọdún dé ọdún, àwọn náà ló ń di ìdì kan fún àna tàbí aládùúgbò nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, TME 7 ló ń jẹ́. Lọ́dún 2021, ìwé kan jáde tí wọ́n ti to gbogbo DNA ẹ̀gẹ́ yìí sílẹ̀ láti orí dé ìdí, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè rí i kà.

Ohun tó mú kí wọ́n máa wá a kiri ni pé àrùn ewé kì í rí i gbé ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ro oko ẹ̀gẹ́ rí mọ àrùn náà lójú. Ewé á lọ́, á wúnjọ, á ní àbàwọ́n rúsúrúsú, igi á kúrú, ìdí rẹ̀ kò sì ní ta dáadáa. Eṣinṣin funfun tín-ín-tín ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ láti orí igi kan dé òmíràn, ọ̀pá tó bá sì ti kó o máa ń gbé e lọ sí oko tuntun. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA n'Ìbàdàn ń kó oríṣiríṣi ẹ̀gẹ́ jọ lóko àwọn àgbẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn kan wà nínú wọn tí àrùn náà kò lè borí. Lọ́dún 2002, ìwé jáde lórí jíìnì tó ń ṣe iṣẹ́ náà, èyí tí wọ́n pè ní CMD2. Ó di ọdún 2022 kí ìwé mìíràn tó fi ọwọ́ tọ́ka sí ojúkò ibi tí ìyípadà náà wà.

Oko ni wọ́n ti bá agbára yẹn. Àwọn àgbẹ̀ tí kò rí ilé-ìwé lọ ti wo ewé, wọ́n ti ya èyí tó dára sọ́tọ̀, wọ́n sì ti pa á mọ́ kí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí kankan tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mo bá bàbá àgbẹ̀ kan sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀gẹ́ yìí láìpẹ́. Bàbá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ní ọwọ́ bàbá òun lòun ti gbà á, pé ewé rẹ̀ kì í ká. Nígbà tí mo sọ fún un pé wọ́n ti kọ ìwé lé e lórí ní òkè òkun, ó wò mí títí, ó wá bi mí pé, “Kí ni wọ́n wá rí níbẹ̀?” Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Ó tọ́ sí bàbá láti gbọ́ ìdáhùn, ní èdè tó fi sọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lórúkọ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò ní ìjà kankan pẹ̀lú IITA. Láti ọdún 1967 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan hẹ́kítà lọ́nà Mọ́níyà, iṣẹ́ tó ti ibẹ̀ jáde ti bọ́ wa ju bí ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún àwọn ọ̀dọ́, torí àwọn òbí wọn ló fojú rí i.

Lẹ́yìn ọdún 1970 ni kòkòrò kan ti Gúúsù Amẹ́ríkà dé Kóńgò, ó jọ pé ara ọ̀pá ẹ̀gẹ́ ló lẹ̀ mọ́. Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ló bò ó lára. Orí ọ̀mùnú ló ń bà sí, á fa omi rẹ̀ mu, orí igi á sì wúnjọ bí ìkúùkù. Ní Kóńgò, ewé ẹ̀gẹ́ gan-an ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀, nítorí náà ọbẹ̀ àti òkèlè ni kòkòrò yìí gbà lọ́wọ́ wọn papọ̀. Níbi tí ó bá ti le, ó lè gba ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá irè. Kò pẹ́ tó fi tàn dé Benin àti Nàìjíríà. Àgbẹ̀ tí kò lówó gàrí kò lè lówó oògùn kòkòrò.

Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, dé IITA lọ́dún 1979. Ìbéèrè tó bi ara rẹ̀ kò le: kí ló dé tí kòkòrò yìí kì í fi í run ẹ̀gẹ́ ní ilé rẹ̀? Ó ní láti jẹ́ pé ọ̀tá rẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́dún 1981, onímọ̀ kan láti ilé-iṣẹ́ ìwádìí CIAT ní Kòlóńbíà rí kòkòrò náà ní Paraguay, wọ́n sì bá agbọ́n kan níbẹ̀ tó kéré débi pé ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí i. Agbọ́n yìí á yé ẹyin sínú kòkòrò náà, ọmọ rẹ̀ á sì máa jẹ ẹ́ láti inú wá títí á fi kú. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí ó má baà jẹ́ pé oògùn ni a fẹ́ wá tí a fi gbé àrùn mìíràn wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e wá sí Ìbàdàn. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1981 yẹn kan náà. Wọ́n ń sìn ín lọ́pọ̀, wọ́n ń kó o lọ sí orílẹ̀-èdè tó lé ní 20, àwọn ibì kan sì wà tó jẹ́ pé láti inú ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ti ń dà á sílẹ̀. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà ní ilé tirẹ̀ lẹ́bàá Kútọnu.

Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀. Agbọ́n náà ń bí sí i fúnra rẹ̀, ó sì ń wá kòkòrò náà lọ sí oko tí ọkọ̀ kò lè dé. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan ṣírò rẹ̀ lọ́dún 1988, ó ní dọ́là kan tí wọ́n bá ná sórí iṣẹ́ yìí mú èrè 149 dọ́là wá. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé lọ́dún 1995. Nígbà tí kòkòrò kan náà wọ Thailand lọ́dún 2008, Benin ni wọ́n ti wá gbé agbọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ìwé tí àwọn onímọ̀ kọ ló jẹ́ kí àwọn ará Thailand mọ ibi tí wọ́n máa wá. Nítorí náà n kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé kí ilé-iṣẹ́ ìwádìí má kọ ìwé fún àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ wọn mọ́. Iṣẹ́ tí a kò bá kọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dán an wò, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe. Àmọ́ ẹni tó fún wa ní ọ̀pá ẹ̀gẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ àbọ̀. Àbọ̀ tó dé Thailand tí kò dé Ìkirè, ìdajì àbọ̀ ni.

Mo dárúkọ Ìkirè nítorí pé ìlú náà ti ṣe tirẹ̀. Sang Ki Hahn, ará Kòríà, dé IITA lọ́dún 1971. Ẹ̀gẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní 58308, tó wà ní Moor Plantation n'Ìbàdàn, tí ìran rẹ̀ ti ibi ìwádìí Amani ní Tanzania wá, ló fi bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni TMS 30572 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáde, ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ wa mọ̀ sí “ágíríkì”. Wọ́n wà lára ohun tó gbé Nàìjíríà ga ju Brazil lọ nínú pípèsè ẹ̀gẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1991. Ìkirè fi Hahn jẹ Sàríkì Àgbẹ̀ lọ́dún 1983. Wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ àlejò, wọ́n sì yẹ́ ẹ sí. Ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ ìwádìí náà yẹ́ àwọn tó pa Ọkọ-ìyàwó mọ́ sí. Kí orúkọ tí wọ́n sọ ẹ̀gẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ ní ojú ìwé àkọ́kọ́, kì í ṣe nínú àkíyèsí ìsàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ẹ wo májèlé inú àgbàdo àti ẹ̀pà tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Èbu kan ló ń ṣe é. A kò lè rí i, kò ní òórùn, iná ìdáná kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. IITA àti iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ti ṣe Aflasafe. Èbu tí kò ní májèlé, tí wọ́n rí nílẹ̀ wa níbí, ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọkà bàbà. A máa ń fọ́n ọn sóko ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, kílò mẹ́wàá fún hẹ́kítà kan. Yóò gba ààyè mọ́ èyí tó burú lọ́wọ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ro ògì fún ọmọ rẹ̀ kò lè béèrè ohun tí kò ní orúkọ lẹ́nu rẹ̀. Mo dá a lábàá pé kí a máa pè é ní “májèlé èbu”. Bí ẹnìkan bá ní orúkọ tó dára ju èyí lọ, kó mú un wá.

Ẹ̀bi pé àbọ̀ kò dé oko kò sí lọ́rùn ilé-iṣẹ́ ìwádìí nìkan, mo tilẹ̀ rò pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló jẹ̀bi jù. Nígbà tí owó Báǹkì Àgbáyé wà lẹ́yìn ADP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba ìpínlẹ̀, òṣìṣẹ́ a máa gun alùpùpù lọ bá àgbẹ̀ lábà, á bá wọn jókòó, á sọ ohun tó jẹ́ tuntun fún wọn lédè wọn. Owó náà tán, àwọn ìjọba wa kò sì fi tiwọn dí i bó ṣe yẹ. Lọ́dún 2011, ẹ̀gẹ́ tó ní fítámì A jáde, èyí tí gàrí rẹ̀ pọ́n láìfi epo sí i. Ẹ lọ sí ọjà tó sún mọ́ yín, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá alágàrí bóyá wọ́n mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí èyí tí wọ́n fi epo yan.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ìwádìí èyíkéyìí tí a bá ṣe lórí irúgbìn tó wá láti oko wa, kí ojú ewé méjì lédè Yorùbá bá a jáde, kí ilé-iṣẹ́ rédíò sì kà á. Kí kọmíṣọ́nnà ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù gba òṣìṣẹ́ tí yóò gbé e dé abà, kí wọ́n sì san owó oṣù wọn.

Kí àwa náà ṣe tiwa. Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ bá ń lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ bi àwọn bàbá àti ìyá ní orúkọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń gbìn, ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti gbà á, àti ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ gbogbo rẹ̀ síbí, n ó sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí Mọ́níyà fúnra mi.