Ìtàn Ọmọdé Kẹ̀?

Bí ẹnu bá kan Jean de La Fontaine, ará Faransé tó fi ìtàn ẹranko kéwì, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn kan ni pé, "Áà, ìtàn ọmọdé nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, irọ́ gbáà ni!

Òótọ́ ni pé nígbà tó gbé apá kìn-ín-ní jáde ní 1668, ọmọ Ọba Louis Kẹrìnlá, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ló fi ta lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pàlọ́ fún ọmọ lójú baba rẹ̀, ṣé baba náà ò létí ni?

Ojú ọkùnrin yìí ti rí nǹkan. Nicolas Fouquet, alábòójútó owó ọba, ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ní 1661, ọba ní kí wọ́n mú Fouquet. La Fontaine fi ewì bẹ ọba. Pàbó ló já sí. Ẹ̀wọ̀n ni Fouquet kú sí ní 1680.

Ẹ wá wo ìtàn àjàkálẹ̀ àrùn tó gbé jáde ní 1678. Àwọn ẹranko ń kú, Kìnnìún bá pèpàdé: kí kálukú jẹ́wọ́, kí wọ́n fi ẹni tó burú jù ṣètùtù. Òun fúnra rẹ̀ ní òun ti pa àgùntàn jẹ láìmọye, òun tilẹ̀ ti jẹ darandaran mọ́ ọn. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní ẹ̀yẹ ni kábíyèsí ṣe fún àgùntàn! Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀ṣẹ̀ Ẹkùn wò. Ó wá kan Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó ní ebi pa òun lọ́jọ́ kan, òun bá fi ahọ́n ká koríko díẹ̀ ní pápá àwọn àlùfáà. Háà! Koríko olóhun! Ìkookò, tó mọ ìwé díẹ̀, rojọ́ títí. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló kú.

Ẹ̀kọ́ ọmọdé wo ló wà níbẹ̀? Kí ọmọ má jẹ koríko ni? Ìdájọ́ ààfin ló ń bá wí: alágbára kì í jẹ̀bi, tálákà kì í jàre.

Jean-Jacques Rousseau ní tirẹ̀ kọ ọ́ ní 1762 pé kí wọ́n má fi ìtàn wọ̀nyí kọ́ ọmọdé. Ó ní bí ọmọ bá gbọ́ bí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣe fi ẹnu dídùn gba wàrà lẹ́nu Kannakánná, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni yóò fẹ́ràn. Òun kúkú rí i pé ìtàn náà léyín. Síbẹ̀, n kò gbà fún un. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ olè pamọ́ fún ọmọ, ṣé olè á torí ìyẹn yà fún un lọ́nà? Ọmọ tí kò gbọ́ nípa apọ́nni rí gan-an ni apọ́nni máa ń rí jẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ní kí ọmọ kọ́ ọ sórí bí ẹyẹ ayékòótọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ bi wọ́n pé: ta ló jẹ darandaran? Ọmọ tó bá mọ ìdáhùn, Ìkookò kò ní rí i mú bọ̀rọ̀.