Wọ́n mọ̀ dáadáa: ẹ yé fi "ayé ìgbà yẹn" bo ọ̀rọ̀ ẹrú Amẹ́ríkà mọ́lẹ̀

Tí July 4 bá ti sún mọ́, gbogbo orí ayélujára á kún fún àsíá Amẹ́ríkà. Ẹnì kan á rán wa létí pé àwọn tó dá orílẹ̀-èdè yẹn sílẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ní 1776 pé ọgbọọgba ni a dá gbogbo ènìyàn. Ẹlòmíì á ní ṣebí ẹrú kún ilé wọn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Kíá, ẹ̀gbọ́n kan tó gbọ́n ju gbogbo wa lọ á yọjú: "Ẹ má fi ojú òní wo àná. Bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn. Wọn ò mọ̀ pé kò dáa."

Irọ́ ni, jàre. Wọ́n mọ̀. Òfin tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ni màá fi hàn yín. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Virginia. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1619, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ White Lion gúnlẹ̀ sí Point Comfort. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó lé díẹ̀ ní 20 wà nínú ẹ̀. Inú ọkọ̀ àwọn Potogí tó ń kó wọn bọ̀ láti Luanda, ní Àǹgólà, ni wọ́n ti jà wọ́n gbà lójú òkun. Oúnjẹ ni wọ́n fi wọ́n pààrọ̀. Oúnjẹ!

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: lọ́jọ́ yẹn, Virginia ò ní òfin kankan lórí ẹrú. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko tábà, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn, tálákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò rí owó ọkọ̀ san. Wọ́n á sìn fún ọdún bíi mẹ́rin sí méje, wọ́n á sì gba ara wọn. Ó fara jọ ìwọ̀fà tiwa, àfi pé ọ̀gá lè ta ìwé àdéhùn ẹ fún ẹlòmíì. Nínú àwọn adúláwọ̀ tó kọ́kọ́ dé náà, àwọn kan gba òmìnira. Ọ̀kan nínú wọn, Anthony Johnson, ní ilẹ̀ tó tó 250 éékà ní 1651.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, ayé wo? Ayé yẹn ò tíì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ló jókòó tí wọ́n sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní gbangba ilé ẹjọ́ àti ilé aṣòfin.

Ní 1640, àwọn mẹ́ta sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ní Virginia. Ọ̀kan jẹ́ ará Hólàńdì, ọ̀kan ará Scotland, ẹnì kẹta sì jẹ́ adúláwọ̀ tó ń jẹ́ John Punch. Wọ́n mú wọn ní Maryland. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n na ẹnì kọ̀ọ̀kan ní pàṣán 30. Wọ́n wá fi ọdún mẹ́rin kún ìsìn àwọn òyìnbó méjèèjì. John Punch ńkọ́? Kó máa sìn títí ọjọ́ ikú ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà, ilé ẹjọ́ kan náà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti Elizabeth Key. Ìyá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà, bàbá ẹ̀ jẹ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Key, tó tiẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Virginia. Wọ́n fẹ́ sọ Elizabeth di ẹrú, ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, bàbá ni ọmọ ń tẹ̀ lé, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Ní 1656, ó jàre, ó di òmìnira.

Kí ni àwọn aṣòfin ṣe? Ní 1662, ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n yí òfin padà: láti òní lọ, ipò ìyá ni ọmọ máa jogún. Ẹ rò ó wò dáadáa. Àwọn ọkùnrin tó mọ òfin bàbá wọn bí ẹni mọ owó, tí orúkọ wọn, ilẹ̀ wọn àti ogún wọn dúró lórí òfin yẹn, ni wọ́n dojú ẹ̀ dé fún àwọn ọmọ kan ṣoṣo wọ̀nyí. Torí kí ni? Torí tí olówó ẹrú bá bá ẹrúbìnrin rẹ̀ sùn, yálà ó gbà tàbí kò gbà, ọmọ tó bá bí kò ní jẹ́ àrólé. Ọjà ló máa jẹ́. Bàbá ọmọ di olówó ọmọ.

Wọn ò dúró síbẹ̀. Ní 1667, wọ́n ní tí ẹrú bá ṣe ìrìbọmi, ìyẹn ò sọ ọ́ di òmìnira. Ní 1669, wọ́n ní tí ọ̀gá bá ń bá ẹrú rẹ̀ wí tí ẹrú náà bá kú, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìpànìyàn, wọ́n ní torí kò sí ẹni tó máa mọ̀ọ́mọ̀ ba dúkìá ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wọn ò mọ̀, ẹ dá mi lóhùn: ta ló ń ṣòfin pé tí mo bá na kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi pa, kì í ṣe ìpànìyàn? Kò sí. Ẹni tó mọ̀ pé ènìyàn ni òun ń pa nìkan ló nílò irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ní 1688, ní Germantown lẹ́bàá Philadelphia, ọkùnrin mẹ́rin nínú ìjọ Quaker fọwọ́ sí ìwé pé títa ènìyàn kò bá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mu, pé ohun tá ò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa, ká má ṣe é sí ẹlòmíì. Ní 1773, adúláwọ̀ mẹ́rin ní Boston, tí wọ́n jẹ́ ẹrú, kọ lẹ́tà sí àwọn aṣojú ilẹ̀ Massachusetts. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn òyìnbó ibẹ̀ ń pariwo pé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ sọ àwọn di ẹrú. Àwọn mẹ́rin yìí ní àwọn ń retí ohun ńlá lọ́wọ́ ẹni tó ń jà kíkankíkan kí wọ́n má bàa sọ ọ́ di ẹrú. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti dé ibẹ̀ ṣáájú gbogbo wa.

Jefferson fúnra ẹ̀, tó kọ Ìkéde Òmìnira 1776, kọ́kọ́ kọ ìpínrọ̀ kan sínú ẹ̀ tó fi òwò ẹrú bú ọba, ó ní ìwà ìkà ni. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, torí South Carolina àti Georgia kọ̀. Ọkùnrin yẹn mọ orúkọ tí nǹkan náà ń jẹ́. Ó lé ní 600 ènìyàn tó fi ṣe ẹrú láyé ẹ̀.

Kí Amẹ́ríkà tó lómìnira tán, obìnrin kan tí kò mọ̀wé, Mum Bett, ti ka ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ilé John Ashley ló ti ń ṣẹrú ní Sheffield, Massachusetts, ilé kan náà tí àwọn ọkùnrin ìlú ti jókòó ní 1773 kọ ìwé pé ènìyàn dọ́gba. Nígbà tí ìpínlẹ̀ náà kọ ìwé òfin tuntun ní 1780 pé òmìnira ni a bí gbogbo ènìyàn sí, ó wá agbẹjọ́rò lọ. Ní 1781, ó jàre ní Great Barrington, wọ́n san 30 ṣílè owó ìtanràn. Ó sọ ara ẹ̀ ní Elizabeth Freeman. Ṣé obìnrin yìí kì í ṣe ara "ayé ìgbà yẹn" ni?

Ìwé òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1787 wá jẹ́ ẹ̀rín. Ó ní kí wọ́n ka ẹrú 5 sí ènìyàn 3 tí wọ́n bá ń pín ìjókòó ilé aṣòfin. Ó ní ẹrú tó bá sá, kí wọ́n dá a padà. Ó ní kí ìjọba má fòfin de kíkó ẹrú wọlé títí di 1808. Síbẹ̀, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "ẹrú" láti òkè délẹ̀ ẹ̀, ẹ ò ní rí i. Wọ́n fi èdè yí i ká. Ta ló ń fi ohun tí kò mọ̀ pé ó burú pamọ́?

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ báyìí. "Àwọn baba tiwa náà tà." Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tà. Ọ̀yọ́ tà, Badagry tà, Èkó tà. Mi ò ní bo ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n àwọn baba yẹn náà ló fi òwe sílẹ̀ fún wa pé ẹrú kú, ìyá ò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá ẹ̀. Ẹni tó lè pa irú òwe yẹn, ṣé ẹ máa sọ fún mi pé kò mọ̀? Àwa náà mọ̀. Ẹ ò lè fi ẹ̀bi tiwa fọ aṣọ Washington.

Torí ti Washington gan-an ló kù. Ní 1790, ìjọba kó wá sí Philadelphia, ó sì kó àwọn ẹrú kan dání. Òfin Pennsylvania ti 1780 ní tí àlejò bá mú ẹrú dé, tó bá lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, ẹrú náà lè gba ara ẹ̀. Kí ni Ààrẹ ṣe? Kí oṣù mẹ́fà tó pé, á fi ọgbọ́n kó wọn jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ náà, á tún kó wọn padà, kí kíkà lè tún bẹ̀rẹ̀. Ó kọ̀wé sí akọ̀wé rẹ̀, Tobias Lear, ní 1791 pé kí wọ́n wá àwáwí tó máa tan àwọn ẹrú náà àti aráàlú jẹ. Ní 1793, ó fọwọ́ sí òfin mímú ẹrú tó bá sá.

Ona Judge wà lára àwọn ẹrú yẹn. Bàbá ẹ̀, Andrew Judge, jẹ́ òyìnbó télọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀fà ní Mount Vernon. Ó sìn tán, ó bá tiẹ̀ lọ. Ìyá ẹ̀ jẹ́ ẹrú, torí náà òfin 1662 mú Ona. Nígbà tó gbọ́ pé ìyàwó Washington fẹ́ fi òun ta ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ, ó di ẹrù ẹ̀. Ní May 21, 1796, bí Ààrẹ àti ìyàwó ẹ̀ ṣe jókòó ti oúnjẹ, ọmọbìnrin tó jẹ́ bí ọdún 22 yìí gba ẹnu ọ̀nà jáde. Wọ́n kéde ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, dọ́là 10 fún ẹni tó bá mú un. Ọkọ̀ ojú omi ti gbé e dé Portsmouth, New Hampshire.

Washington ní kí òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ìjọba níbẹ̀ bá òun mú un wá. Ona ní òun á padà, tí wọ́n bá ṣèlérí pé tí tọkọtaya náà bá kú, òun á di òmìnira. Washington kọ̀, ó ní ìyẹn á jẹ́ ká san ẹ̀san rere fún ẹni tó hùwà àìṣòótọ́. Ní 1799, ó tún rán mọ̀lẹ́bí ìyàwó rẹ̀ lọ. Ẹnì kan ta Ona lólobó, ó sá. Nígbà tó dàgbà, àwọn oníwèé ìròyìn bi í bóyá ó kábàámọ̀, torí ìyà jẹ ẹ́ gan-an ní New Hampshire. Ó ní rárá, òmìnira lòun.

Ọkọ ẹ̀, Jack Staines, jẹ́ adúláwọ̀ tó lómìnira. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí Ona kú ní 1848, òfin ṣì kà á sí ẹrú ìdílé Custis. Bó ṣe ka àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà nìyẹn, torí ìyá wọn.