Máìlì ọkọ̀ òfurufú àti póìǹtì òtẹ́ẹ̀lì: Kí ló yẹ kí ọmọ Yorùbá tó ń rin ìrìnàjò láàárín Èkó àti Johannesburg mọ̀ kí ti ẹ̀ tó jóná?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Johannesburg. Ní aago márùn-ún ìdájí, fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pè é láti ilé pé bàbá ti lọ, ọjọ́ Ẹtì sì ni ìsìnkú.

Ó sáré wo iye owó tíkẹ́ẹ̀tì láti pápákọ̀ òfurufú O.R. Tambo lọ sí Èkó. Iye tó rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó san nígbà tó lọ ṣọdún Kérésìmesì, torí pé ìrìnàjò náà ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Síbẹ̀, àkáǹtì kan wà tí kò ṣí wò láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Inú rẹ̀ ni máìlì tó kó jọ látinú gbogbo ìrìnàjò tó ti rìn lọ sílé wà. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé máìlì ọ̀hún ṣì wà láàyè? Bó bá sì wà, ṣé ó lè gbé e délé kí wọ́n tó sin bàbá?

Àpẹẹrẹ lásán ni ìtàn yìí, àmọ́ kò ní ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé lókè òkun. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, máìlì lè jẹ́ ohun tó máa mú un dé ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ lásìkò.

Ibo ni ètò máìlì ti wá?

Ọjọ́ kìíní, oṣù Karùn-ún, ọdún 1981 ni iléeṣẹ́ American Airlines gbé ètò AAdvantage kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Èròńgbà wọn kò ju pé kí wọ́n fi ẹ̀bùn di oníbàárà mú, kó má baà lọ wọ ọkọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn. Nígbà náà, bí ìrìnàjò bá ṣe jìnnà tó ni máìlì ṣe máa ń pọ̀ tó.

Nǹkan ti yí padà báyìí. Láti ọdún 2018 ni Flying Blue, ètò Air France àti KLM, ti ń fi iye owó tí èèyàn san ka máìlì fún un. British Airways náà gba ọ̀nà yìí lọ́dún 2023. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú yóò rí máìlì díẹ̀ gbà, kódà bó bá rin ìrìnàjò láti Èkó dé London.

Ní South Africa, àwọn báńkì náà ti wọ ọjà yìí tipẹ́. Báńkì FNB ti ń fún oníbàárà ní eBucks láti ọdún 2000, eBucks mẹ́wàá sì jẹ́ ráńdì kan. Ẹni tó bá ń fi káàdì báńkì ra epo mọ́tò àti oúnjẹ lè kó póìǹtì jọ láìwọ ọkọ̀ òfurufú rárá, kó sì wá fi ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá yá.

Àjọ tí alájọ lè yí òfin rẹ̀ padà

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti lóye máìlì ni ká fi wé àjọ. Ẹ̀ ń dá a díẹ̀díẹ̀, ẹ sì nírètí pé ẹ máa kó o lọ́jọ́ kan. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé alájọ tiwa kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iye tí ẹ dá. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní tirẹ̀ lè jí lówúrọ̀ ọjọ́ kan, kó ní ìjókòó tó ń gba máìlì 30,000 lánàá ti di 45,000 lónìí. Wọn kò ní yọ ẹyọ kan nínú máìlì yín, àmọ́ ohun tó lè rà ti dín kù.

Delta ti yọ ìwé tó ń fi iye máìlì ìjókòó kọ̀ọ̀kan hàn kúrò láti ọdún 2015. Láti ìgbà náà, iye máìlì tí wọ́n ń béèrè ń gòkè, ó ń sọ̀ bí owó ọjà.

Àmọ́ máìlì ní àǹfààní kan tí àwọn tó ń gba owó náírà kò gbọdọ̀ fojú kéré. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fi náírà sílẹ̀ lóṣù Kẹfà ọdún 2023 kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi náírà 470 kọjá 750 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì gbówó lórí gegere. Ẹni tó ní máìlì nílẹ̀ kò fi náírà ka tirẹ̀, nítorí náà ìjábọ́ náírà kò kan iye máìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, máìlì dà bí owó ilẹ̀ òkèèrè tó ń dáàbò bo yín lọ́wọ́ ìjábọ́ náírà, àmọ́ tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde lè já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí à ń tọ́jú de ọjọ́ ogbó. Bó bá ti tó ìrìnàjò kan tí ẹ nílò, ẹ lò ó.

Ẹ̀kọ́ tí South African Airways, Comair àti Emirates kọ́ wa

Lóṣù Kejìlá ọdún 2019 ni wọ́n fi South African Airways sábẹ́ àbójútó àwọn tí òfin yàn láti gba iléeṣẹ́ tó fẹ́ rì là. Àrùn Kofi-19 tún bá a níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2020, ọkọ̀ rẹ̀ kò fò mọ́. Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2021 ló tún bẹ̀rẹ̀, oṣù Kejìlá ọdún náà ló sì padà sí Èkó. Ẹni tó gbójú lé máìlì Voyager láti bá SAA délé láàárín àkókò yẹn kò rí ọkọ̀ tó máa wọ̀.

Ọ̀rọ̀ Comair yàtọ̀ díẹ̀. Johannesburg ni ibùjókòó iléeṣẹ́ yìí, òun ló ni kulula, òun náà ló ń fò lábẹ́ orúkọ British Airways láàárín South Africa. Lóṣù Kẹfà ọdún 2022 ló kógbá sílé. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ èèyàn di bébà lásán, àmọ́ Avios tí àwọn oníbàárà kó jọ kò bá a lọ, torí pé kì í ṣe ọwọ́ Comair ni àkáǹtì Avios wà.

Ti Emirates kan Nàìjíríà gan-an. Iléeṣẹ́ náà dá ìrìnàjò sí Nàìjíríà dúró lọ́dún 2022 torí owó rẹ̀ tó há sí orílẹ̀èdè náà, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ló sì tó padà wá. Máìlì Skywards àwọn ará Èkó kò sọnù, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi wọ Emirates ní láti lọ bá ọkọ̀ ní Accra tàbí ìlú mìíràn.

Ohun tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ wa ni pé kí a máa bi ara wa ní ìbéèrè méjì. Ta ló ń tọ́jú àkáǹtì yìí? Bí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá fò mọ́, ọkọ̀ ta ni mo tún lè fi máìlì yìí wọ̀?

Ibo ló yẹ kí ẹ kó máìlì yín sí?

Ìdáhùn ìbéèrè kejì wà nínú àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú dá sílẹ̀. South African Airways, Ethiopian Airlines, EgyptAir, Turkish Airlines àti United wà nínú Star Alliance. Kenya Airways, Air France, KLM, Delta àti Virgin Atlantic wà nínú SkyTeam. British Airways, Qatar Airways àti Royal Air Maroc wà nínú Oneworld.

Ẹni tó bá SAA lọ sí Èkó lóṣù Kìíní, tó sì gba Addis Ababa bá Ethiopian padà, lè kó máìlì ìrìnàjò méjèèjì sínú àkáǹtì kan ṣoṣo. Bó bá ṣí àkáǹtì méjì, ó lè má rí èyí tó máa pọ̀ tó láti ra ohunkóhun nínú méjèèjì.

Air Peace, tó ti ń fò láti Èkó lọ sí Johannesburg láti oṣù Kejìlá ọdún 2020, kò sí nínú ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyẹn kò ní kí ẹ má wọ̀ ọ́. Bí owó rẹ̀ bá fi púpọ̀ dín sí ti àwọn yòókù, owó tó kù lápò yín sàn ju máìlì tí ẹ̀ bá rí gbà níbòmíì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ohun tí máìlì yín tó?

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ wo iye tí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ bí ẹ bá fẹ́ fowó rà á. Ẹ yọ owó-orí àti owó epo tí wọ́n ṣì máa gbà lọ́wọ́ yín bí ẹ bá lo máìlì. Ẹ wá fi iye máìlì pín ohun tó kù.

Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ráńdì 9,000, tí wọ́n sì ń béèrè máìlì 30,000 pẹ̀lú ráńdì 3,000. Ráńdì 6,000 ni máìlì yín gbà lọ́wọ́ yín, ìyẹn sẹ́ǹtì 20 fún máìlì kan. Ká wá ní ó ku ọjọ́ mẹ́ta, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ti di ráńdì 18,000, àmọ́ iye máìlì kò yí padà. Máìlì kan ti di sẹ́ǹtì 50.

Ìdí nìyí tí máìlì fi máa ń wúlò jù lásìkò pàjáwìrì, bí ìjókòó bá ṣì wà, tí ètò yín kì í sì í gbé iye máìlì sókè pẹ̀lú owó. Ẹ má dúró dìgbà tí fóònù bá dún kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́?

Lọ́dún 2014 ni Marriott ti Amẹ́ríkà ra Protea, iléeṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ọmọ South Africa. Látàrí èyí, ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ ń sanwó fún láti sun Protea n'Ìkẹjà lè kó póìǹtì jọ lórúkọ ara rẹ̀, kó sì fi sun ọ̀fẹ́ ní Johannesburg. Bí ẹ bá fi póìǹtì Marriott sùn fún òru márùn-ún tẹ̀léra, òru mẹ́rin ni wọ́n máa yọ póìǹtì fún. Àmọ́ bí oṣù mẹ́rìnlélógún bá kọjá láìsí nǹkan kan nínú àkáǹtì náà, póìǹtì yóò jóná.

Ẹ̀tọ́ wo ni òfin fún yín?

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti South Africa, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2008, sọ̀rọ̀ nípa èyí ní abala 35. Ó ka póìǹtì sí ohun tó bófin mu láti fi sanwó nínú ètò tó ti wá. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ dín ohun tí póìǹtì lè rà kù fún ìgbà kan gbọ́dọ̀ fi ogún ọjọ́ iṣẹ́ ṣáájú sọ fún àwọn oníbàárà, kò sì gbọdọ̀ ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ láàárín ọdún kan. Àjọ National Consumer Commission ló ń gba ẹ̀sùn.

Àmọ́ òfin kì í jí iléeṣẹ́ tó ti kú dìde.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn nǹkan wọ̀nyí

Àkọ́kọ́, èlé káàdì. Òfin South Africa gba báńkì láàyè láti fi tó ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye èlé tí báńkì àpapọ̀ ń gbà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì gbà á lórí gbèsè káàdì. Bí ẹ kò bá lè san gbèsè náà tán lóṣooṣù, èlé yóò jẹ póìǹtì, yóò sì tún jẹ owó oṣù.

Ìkejì, ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì máìlì ní ẹ̀dínwó lórí WhatsApp. Máìlì tí wọ́n jí lè wà nídìí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ètò ló sì ka títa máìlì léèwọ̀. Ẹnu bodè pápákọ̀ òfurufú lẹ lè wà kí ẹ tó mọ̀ pé wọ́n ti fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì yín.

Ìkẹta, orúkọ. Bí àkáǹtì bá pè yín ní Bọ́lá, tí ìwé ìrìnnà pè yín ní Ọmọbọ́láńlé, máìlì lè má wọlé. Ẹ jẹ́ kí orúkọ bá ara mu, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ìwọkọ̀ títí máìlì yóò fi hàn nínú àkáǹtì.

Ní ti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀, bó bá ti ń ṣí àkáǹtì rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè láago márùn-ún ìdájí bóyá máìlì òun ṣì wà. Ìjókòó ni yóò máa wá. Ẹ ṣí tiyín wò lónìí.