Ọwọ́ Tó Ń Bọ̀ Látòkè: Gbígbé Ẹmọ́ Ilé Nílé àti Lókè Òkun

Ẹmọ́ ilé, ẹran kékeré tí kò ní ìrù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní guinea pig, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹran ọ̀sìn tí ìwà wọn kì í yí padà bí ibùgbé wọn ti ń yí padà, nítorí pé ìbẹ̀rù tó bá a wá láti orí àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ṣì wà lára rẹ̀, yálà inú ilé onípákó ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń sìn ín tàbí ẹ̀yìn ìdáná ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn ará Peru, Bolivia àti Ecuador ti ń sìn ín fún jíjẹ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ títí di òní. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn oníṣòwò gbé e dé Yúróòpù, níbi tó ti kúrò ní ẹran ọbẹ̀ tó sì di ẹran àfẹ́, ìyẹn ẹran tí wọ́n ń sìn fún ìfẹ́ rẹ̀ nìkan. Àárín ipò méjèèjì yìí ni ìdílé Yorùbá tó ń gbé lókè òkun máa ń bá ara rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ra ẹmọ́ ilé fún òun.

Ìdí ìbẹ̀rù ẹran yìí gbọ́dọ̀ yé ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n gbé e. Kò ní èékánná tó lè fi jà, kò lè gun igi, kò sì mọ fífò tó ohun tó lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀tá, nítorí náà ìsápamọ́ àti eré sísá nìkan ni ààbò rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, èyí tó jẹ́ kí ó lè máa ṣọ́ ọ̀nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ lè mọ bí ohun tó ń bọ̀ ti jìnnà tó. Etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ìró tó ga ju èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ. Ọwọ́ tó bá já bọ́ lójijì láti òkè kò yàtọ̀ sí àṣá lójú rẹ̀. Bí ìpayà bá sì dé, yálà kí gbogbo wọn tú ká lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí ẹran náà dúró gbagidi bí ẹni pé kò sí èémí nínú rẹ̀. Ìdúró gbagidi yìí ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń ṣì túmọ̀: wọn a ní ara ẹran náà ti balẹ̀, wọn a dá a dùbúlẹ̀ lórí itan ọmọ, wọn a máa ya fọ́tò, nígbà tó jẹ́ pé ìbẹ̀rù ló dè é mọ́lẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ ni ọ̀rọ̀ ọmọ àti ẹran nírú ìdìmú bẹ́ẹ̀. Ẹmọ́ ilé tí ara rẹ̀ balẹ̀ ní tòótọ́ máa ń jẹun lójú ènìyàn, ó máa ń na ara gbọọrọ sílẹ̀, ó sì máa ń ké fíì nígbà tó bá gbọ́ ìró ọ̀rá tí wọ́n fi ń gbé ewé wá.

Nílé, ní gúúsù Benin àti Togo, àti lọ́wọ́ àwọn ìdílé kan ní Nàìjíríà, ẹran tí ènìyàn lè pa jẹ tàbí kí ó tà nígbà tí owó bá dínkù ni ẹmọ́ ilé. Òmíràn ń gbé inú àgò, ìyẹn ilé kékeré tí wọ́n fi igi tàbí wáyà ṣe, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń rìn káàkiri ilẹ̀ ilé ìdáná, tí wọ́n ń jẹ koríko àti èèpo iṣu, tí wọ́n ń sá sẹ́yìn igi ìdáná bí wọ́n bá gbúròó ẹsẹ̀. Oyún rẹ̀ kì í ju oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ́ sáyé pẹ̀lú irun lára àti ojú tó ti là, wọ́n sì lè sáré ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, èyí tó mú kí sísìn ín rọrùn fún ẹni tí kò lówó màlúù tàbí ewúrẹ́. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń ronú nípa eré ìdárayá fún ẹmọ́ ilé, nítorí pé láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ni ó ń rìn. Òótọ́ ni pé ajá, ológbò, ejò àti ẹsẹ̀ ènìyàn ń pa nínú wọn, àmọ́ ti pé ẹran náà ní àyè láti rìn, kò ṣeé jiyàn lé lórí.

Ibi tí ìṣe ilé ti kùnà ni ọjọ́ mímú. Wọn a ti ilẹ̀kùn, àwọn ọmọdé a bẹ̀rẹ̀ sí í lé e láti igun dé igun, ẹni tó bá kọ́kọ́ bà á a fi ọrùn tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fà á jáde. Nítorí pé ìkòkò ni ó ń lọ, ẹnikẹ́ni kì í bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ẹ̀rù ń bà á. Ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ló ń lọ sínú ìkòkò, àwọn tó kù sì rí gbogbo rẹ̀: abo tó lóyún lè ba oyún jẹ́ nínú eré yẹn, agbo náà a sì túbọ̀ máa bẹ̀rù ènìyàn sí i. Kódà fún ẹni tí kò ro ti ẹranko rárá, àdánù ni.

Èyí tó yani lẹ́nu ni pé ọgbọ́n tó sàn ju lílé lọ ti wà nílé tipẹ́, lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń sin ọ̀yà. Ní àwọn ọdún 1980 ni orílẹ̀-èdè Benin, pẹ̀lú ìrànwọ́ Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò láti sọ ọ̀yà inú ìgbẹ́ di ẹran ọ̀sìn, iṣẹ́ náà sì ti di mímọ̀ ní Togo, Gánà àti Nàìjíríà. Ọ̀yà àti ẹmọ́ ilé jọ jẹ́ ìbátan láàárín àwọn ẹran tí eyín iwájú wọn kì í dẹ́kun dídàgbà, àwọn méjèèjì ló ń bí ọmọ tó ti la ojú, àwọn méjèèjì ni ìpayà sì lè pa. Ọ̀yà tí wọ́n bá ń lé kiri inú ilé rẹ̀ lè fi orí sọ ògiri, ìrù rẹ̀ sì lè já bí wọn kò bá dì í mú ní ìdí pẹ́kípẹ́kí. Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń lo àpótí tó ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń fà sókè, fà sílẹ̀: wọn a gbé ẹnu àpótí náà ti ẹnu ilé ẹran, wọn a dúró, ọ̀yà a sì wọ inú òkùnkùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé òkùnkùn ni ibi ìsádi rẹ̀, wọn a wá ti ilẹ̀kùn. Ẹmọ́ ilé kò tilẹ̀ ní ìrù tí ènìyàn lè dì mú, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń fi ọwọ́ lásán lé.

Lókè òkun, ọ̀rọ̀ náà dojú rú ní ọ̀nà mìíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, Òfin Ìtọ́jú Ẹranko ti ọdún 2006 ti sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún ẹni tó ní ẹran ọ̀sìn láti fún un ní ibùgbé tó yẹ, oúnjẹ tó yẹ, àǹfààní láti hùwà bí irú rẹ̀ ti ń hùwà, ẹgbẹ́ tó bá yẹ ẹ́, àti ààbò kúrò lọ́wọ́ ìrora àti àìsàn. Ẹgbẹ́ RSPCA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1824 láti máa gbèjà ẹranko, sì ń kìlọ̀ pé kò yẹ kí ẹmọ́ ilé máa dá gbé. Òfin Switzerland tilẹ̀ ka dídá a nìkan sìn sí ẹ̀ṣẹ̀. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n àgò tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kéré débi pé ẹran náà kò lè sáré nínú rẹ̀, nítorí náà ó di dandan kí wọ́n máa gbé e jáde lójoojúmọ́ lọ sínú ọgbà alágbèéká, ìyẹn ọgbà tí wọ́n fi wáyà ṣe tí ó ṣeé ká kò, kí ó lè na ẹsẹ̀, kí wọ́n sì tún gbé e padà. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni àṣá ń já bọ́. Ẹmọ́ ilé tó ń rìn ní ilẹ̀ ìdáná nílé kì í mọ irú ìpayà yìí àfi lọ́jọ́ mímú, nígbà tí èyí tí wọ́n fẹ́ràn bí ojú ń rí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn mìíràn ń fi kẹ̀kẹ́ tí ń yí ní ojú kan tàbí bọ́ọ̀lù oníhò rọ́pò ọgbà, ṣùgbọ́n ohun tó wà fún ẹran mìíràn ni wọ̀nyẹn, wọ́n sì ń ṣe eegun ẹ̀yìn ẹmọ́ ilé léṣe.

Àpótí àgbẹ̀ ọlọ́yà ni ó yẹ kó bọ́ sí ọwọ́ irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀. Páálí lásán tó, bí wọ́n bá ti gé ẹnu ọ̀nà méjì sí i, nítorí pé ẹran yìí kì í fẹ́ wọ ibi tí kò ti rí ọ̀nà àbájáde. Kí páálí náà máa gbé inú àgò nígbà gbogbo, pẹ̀lú koríko gbígbẹ nínú rẹ̀, kí ó lè di ilé tó mọ̀, kì í ṣe pańpẹ́ tí wọ́n ń gbé wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ mú un. Nígbà tí àkókò bá tó, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ a jókòó sílẹ̀, a ju ègé tàtàsé tàbí kùkúńbà kan sínú páálí, a sì dúró títí àwọn ẹran náà yóò fi wọlé, a wá fi pákó pẹlẹbẹ méjì dí ẹnu ọ̀nà, a gbé e pẹ̀lú ọwọ́ kan lábẹ́, nítorí pé ìtọ̀ máa ń mú ìdí páálí rà. Nínú ọgbà, kí ó sọ páálí náà kalẹ̀, kí ó ṣí i, kí ó sì kúrò níbẹ̀. Ẹran tó bá fẹ́ lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó yọ imú jáde, kí wọ́n jẹ́ kó lò ó. Ebi ló máa dá a padà sínú páálí nírọ̀lẹ́. Ibi tí ilé bá gbà á, èyí tó sàn jù ni kí àgò wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ ṣí sínú ọgbà, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ohunkóhun.

Àwọn ìgbà kan wà tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ kàn án, bíi kí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n wo eyín rẹ̀, tàbí kí wọ́n gé èékánná rẹ̀. Nígbà náà, iwájú ni kí ọwọ́ ti wá, kí ọ̀kan gbé àyà, kí èkejì gbé ìdí, kí ara ẹran fẹ̀yìn ti àyà ẹni tó gbé e. Kí ọmọdé jókòó sílẹ̀ kí wọ́n tó fi í lé e lọ́wọ́, nítorí pé ṣíṣubú láti ìbàdí ènìyàn tó láti dá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ìgbà sísọ kalẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń já bọ́, torí wọn a fò kí ẹsẹ̀ wọn tó kan ilẹ̀.

Ojú ọjọ́ kò gba ọ̀nà kan náà ní ibi méjèèjì. Ooru tètè ń pa ẹmọ́ ilé, nítorí náà òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu jẹ́ kó jáde, ìyẹn náà sì ni àkókò tí ara ẹran yìí ń yá jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú ilé ni kí ọgbà wà ní ìgbà òtútù. Oúnjẹ náà yàtọ̀: ara ẹmọ́ ilé, bíi ti ènìyàn, kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, ewé tútù bíi yúnyún ló sì ń fún èyí tó wà nílé ní fítámì náà. Èyí tó wà lókè òkun lè rí i nínú tàtàsé, àmọ́ kí ìyá àgbà tó wá kí ọmọ má ṣe fi ata rodo rọ́pò rẹ̀.

Ní ọdún 2023, ìlú New York fi òfin de títà ẹmọ́ ilé ní ṣọ́ọ̀bù ẹran ọ̀sìn, lẹ́yìn tí àwọn ilé ìtọ́jú ẹran ti kún fún èyí tí àwọn ìdílé rà nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà tí wọn kò sì fẹ́ mọ́. Ìdílé tí kò bá lè fún ẹran méjì ní àyè ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kí ó ra bàtà eré ìdárayá fún ọmọ rẹ̀ dípò ẹmọ́ ilé.