Ta Ni Yóò Kó Ọ̀rá Wòlímọ̀ Wa?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó tẹ́ ilẹ̀ fún wa, tí Ó sì fi wá ṣe alámòójútó lórí rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí ó fi ìmọ́tótó ṣe ara ìgbàgbọ́.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ní Ìkirè, ní Apòmù àti ní gbogbo ibi tí ìwé yìí bá dé, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò sunwọ̀n, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àwa Mùsùlùmí gan-an ni ará ilé náà. Ọ̀rá àti ike ni kòkòrò náà.

Lẹ́yìn wòlímọ̀ kan tí a ṣe fún àwọn ọmọ kéú wa, a dúró wo pápá tí a lò. Àwọn ọmọ ti ka Àlùkùránì, àwọn òbí ti náwó, àwọn àlùfáà ti ṣe àdúà, oníkálukú sì ti gba ilé rẹ̀ lọ. Ohun tí ó kù sílẹ̀ ni ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ike ìrẹsì, síbí oníke àti ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi pín ẹ̀bùn. Ilẹ̀ funfun bí ẹni pé òwú là sí i. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ náà, ó sì gbá gbogbo rẹ̀ sínú gọ́tà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi kò ríbi kọjá mọ́. Ó yà wọ ilé opó kan tí kò bá wa jẹ nínú ìrẹsì náà. Ǹjẹ́ láádá wòlímọ̀ náà pé bí? A kò rí ẹlòmíràn dá lẹ́bi. Àwa ni a pe àpèjẹ.

Bí a bá sọ ọ̀rọ̀ yìí, èsì àkọ́kọ́ tí a máa ń gbọ́ ni pé, "Ìjọba ni kí ó fòfin dè é." Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó ti fòfin dè é.

Bangladesh, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ jù nínú rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ fòfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní gbogbo àgbáyé, ní ọdún 2002. Omíyalé ọdún 1988 àti ti 1998 ni ó kọ́ wọn lọ́gbọ́n, nítorí ọ̀rá wà lára ohun tí ó dí ojú gọ́tà ìlú Dhaka. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ ìjọba dẹ̀, ọ̀rá padà sọ́jà, ó sì di ọdún 2024 kí wọ́n tó tún gbé òfin náà dìde. Rwanda ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2008, wọn kò sì jẹ́ kí ó sùn: wọ́n ń gba ọ̀rá lọ́wọ́ àlejò ní ibodè, gbogbo ará ìlú sì ń jáde tún àyíká ṣe ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù. Ní Kenya, láti ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2017, ẹni tí ó bá ṣe ọ̀rá tàbí tà á lè san owó ìtanràn tí ó tó mílíọ̀nù 4 ṣílè wọn, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 4. Ireland kò fòfin dè é rárá. Owó ni wọ́n bù lé e ní ọdún 2002, sẹ́ǹtì 15 lórí ọ̀rá kan, lílò rẹ̀ sì dín kù ju ìdá 90 nínú 100 lọ. Ní Jámánì, láti ọdún 2003, ẹni tí ó bá ra ohun mímu inú ike yóò san sẹ́ǹtì 25 lé e, yóò sì gbà á padà nígbà tí ó bá dá ike náà padà.

Ṣé ohun tuntun ni ti Jámánì yìí lójú wa? Ta ni nínú àwa àgbà tí kò san owó ìgò rí nítorí mínírà? A kì í rí ìgò nílẹ̀ nígbà náà, nítorí owó wà lára rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òfin nìkan kò gba ọ̀rá kúrò nílẹ̀. Ẹni tí yóò máa ṣọ́ òfin ni ó ń ṣe é. Ní tiwa, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá fọwọ́ sí àbá òfin lórí ọ̀rá ní ọdún 2019, kò sì di òfin. Èkó fòfin de ike fọ́ọ̀mù ní oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì fi àwọn ike àlòsọnù mìíràn kún un ní oṣù keje ọdún 2025. Gbogbo àgbáyé ń ṣèpàdé lórí àdéhùn kan láti ọdún 2022, wọ́n sì tú ká ní Geneva ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 láìfẹnukò. Ṣé àdéhùn Geneva ni pápá wòlímọ̀ Ìkirè yóò máa dúró dè?

Àwọn kan tún ń sọ pé píọ́ wọ́tà ni omi tálákà. Òótọ́ ni, a kò sì ní bá wọn jiyàn. A rántí ife kan ṣoṣo tí gbogbo èrò ọkọ̀ fi ń mu omi ní gáréèjì, a sì mọ àrùn tí ó ń tibẹ̀ wá. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má mu omi mímọ́. Ibi tí ọ̀rá ń lọ lẹ́yìn tí a bá mu omi tán ni a ń bi yín. Ike tí a ń fọ̀, tí a ń lò fún ọdún pípẹ́, kọ́ ni a ń bá jà. Èyí tí a lò fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó sì wà nílẹ̀ títí ayé ọmọ wa ni a ń bá jà. Sísun ún níná kò sì tú wa sílẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ni ó ń fa èéfín rẹ̀ símú. Ẹ bi àwọn alápatà léèrè ohun tí wọ́n ń bá nínú àpòlúkù ẹran.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti àwọn tí ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí, kí a gbájú mọ́ ẹ̀sìn. Ẹ̀sìn wo? Sūratu Rūm, āyà 41, ti sọ fún wa pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó fa ìbàjẹ́ sórí ilẹ̀ àti sínú omi. Ànábì wa sì ka mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Bí ẹni tí ó mú un kúrò bá ní láádá, kí ni ẹni tí ó kó o dà síbẹ̀ ní orúkọ sàráà yóò gbà?

Ìparun tí a ń sọ kì í ṣe àlọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya bo Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Pàǹtírí tí ènìyàn dà sójú odò wà lára ohun tí ó dí i. Ìbàdàn kò jìnnà sí wa.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Dòdò Ìkirè tí gbogbo ayé mọ̀ wá mọ́, inú ewé ni a ti ń rà á nígbà tí a wà ní kékeré. Ewé náà bá ilẹ̀ lọ. Ọ̀rá tí ó gbapò rẹ̀ kò lọ. A kò bá àwọn ìyá oní-dòdò wí, nítorí àwa oníbàárà ni a ń béèrè ọ̀rá. Ewé eéran kò tíì tán nínú igbó wa.

Nítorí náà, a ń bẹ àwọn Lèmọ́mù, àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù àti àwọn olórí ilé kéú ní ìlú wa méjèèjì. Èkínní, kí àlùfáà má ṣe àdúà ìparí níbi wòlímọ̀, yìgì tàbí ìsọmọlórúkọ títí tí wọn yóò fi ṣa ilẹ̀ mọ́. Èkejì, kí ẹni tí ó pe àpèjẹ gbé àpò ńlá kalẹ̀ fún ọ̀rá píọ́ wọ́tà. Àwọn tí ń rà á wà, kí a sì fi owó rẹ̀ ra wàláà fún ọmọ kéú. Ẹ̀kẹta, kí mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ padà sínú ewé, kí ìrẹsì sì padà sínú àwo tí a ń fọ̀.

Èyí kò la owó ìjọba lọ, kò sì la Àbújá lọ. Ẹni tí àwùjọ ń dúró dè kí ó tó ṣe àmín ni ó lágbára rẹ̀ lọ́wọ́. Ilé kéú tiwa yóò bẹ̀rẹ̀ níbi wòlímọ̀ tí ó ń bọ̀. Kí ẹni tí ó bá wá bá wa jẹun múra láti bá wa ṣa ilẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní agbára láti ṣe ohun tí a mọ̀. Àmín.