Ọ̀dà Pupa Kì í Gbé Ilé Ró: Ìkéde Àwa Ará Èkó

Àwa ayálégbé, àwa onílé, àwa bíríkìlà àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń gbé ìlú Èkó ń fi ìkéde yìí sọ ibi tí a dúró sí lórí ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ilé.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé tí àwọn ọmọdé ti ń kàwé wó ní Ìta Fáàjì. Ó kéré tán, èèyàn 20 ló kú. Àwọn aláṣẹ ní ilé náà wà lára èyí tí àwọn ti sàmì sí láti wó. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí dà wó, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40. Wọ́n ti ti ilé yẹn náà pa lọ́dún kan náà, kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìjọba rí ewu méjèèjì. Èèyàn ṣì kú. Nítorí náà, a gbà pé:

1. Àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ṣáájú ewu. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Kí àwọn olùyẹ̀wò LASBCA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, máa wọ àwọn ilé ògbólógbòó ní àkókò tí gbogbo ará àdúgbò mọ̀, kí wọ́n yẹ ìpìlẹ̀, òpó àti dẹ́ẹ̀kì wò.

2. Ẹni tí ń sùn nínú ilé ló ni àbájáde àyẹ̀wò. A mọ bí wọ́n ti ń ṣe é: ògiri á là, bíríkìlà á fi sìmẹ́ńtì dí i, wọ́n á kun ọ̀dà lé e, wọ́n á sì gba owó ilé ọdún méjì lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Irin inú òpó ti dípẹtà, ilẹ̀kùn ò ṣeé tì mọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Kí wọ́n lẹ àbájáde mọ́ ẹnu ọ̀nà, ní èdè Yorùbá.

3. Àmì ọ̀dà pupa láìsí ọjọ́ kì í ṣe iṣẹ́. Kí àmì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹni tó fi í sí i, ohun tí onílé gbọ́dọ̀ ṣe, àti ọjọ́ tí olùyẹ̀wò yóò padà wá.

4. Ẹni tí a bá ní kó jáde gbọ́dọ̀ ríbi sùn. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ń padà sínú ilé tí wọ́n ti sàmì sí nítorí pé owó wọn ti há sọ́wọ́ onílé. Kí onílé dá èyí tó kù padà, kí ìjọba pèsè ibùsùn fúngbà díẹ̀.

5. Ilé ẹbí nílò ìrànlọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Erékùṣù Èkó jẹ́ ogún. Ọmọ bàbá kọ̀ọ̀kan ń gba owó iyàrá tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ dá nìkan tún ilé ṣe. Kí ìjọba yá wọn lówó àtúnṣe, kí wọ́n sì máa fi owó ilé san án.

6. Òfin kan náà ni fún Ìkòyí àti Mushin. Kí ẹnikẹ́ni má fi àyẹ̀wò bojú gba ilẹ̀ tálákà.

Àwa náà jẹ́jẹ̀ẹ́. A ò ní fún olùyẹ̀wò lówó ẹ̀yìn. A ò ní fi àjà kún ilé láìgba ìwé àṣẹ. A ò ní kun ọ̀dà bo àmì. Bíríkìlà tó wà láàárín wa kò ní dín sìmẹ́ńtì kù nítorí pé onílé ní kó dín in kù.

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ wo òpó ilé yín lónìí. Bí ẹ bá rí i tó ń là, ẹ sọ fún onílé, ẹ kọ̀wé sí LASBCA, kí ẹ sì pe ará ilé kejì kí ó bá yín fọwọ́ sí i. Ẹ má dá nìkan dákẹ́. Ilé tí a bá tètè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ṣeé tún ṣe. Òkú kò ṣeé jí.