Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Gbé Kọ̀ǹpútà Kalẹ̀

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá kọ̀ǹpútà mu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti sọ ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Òbí tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ yege mọ̀ pé kò yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ìdánwò ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ní Ìsinbòdé-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Èkìtì, bíi ti àwọn ìlú kéékèèké yòókù, owó oko àti owó àjọ ni ìdílé mìíràn ń kó jọ kí wọ́n tó lè ra ẹyọ kan ṣoṣo. Bí ooru bá ba ìyẹn jẹ́, kò sí òmíràn.

Ooru náà kì í ṣe ohun àwàdà. Ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, yàrá tí wọ́n fi páànù bò láìní àjà a máa gbóná bí ààrò. Iná mànàmáná kò ṣe é gbọ́kàn lé, owó epo ẹ̀rọ amúnáwá sì ti ga ju agbára mẹ̀kúnnù lọ. Ta ni yóò wá tan ẹ̀rọ amúlétutù nítorí kọ̀ǹpútà? Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà tí kò ní fáànù fi bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu. Kì í pariwo, kì í fa eruku ọyẹ́ sínú, iná díẹ̀ ló sì ń jẹ. Raspberry Pi 4, tó jáde ní ọdún 2019, kò nílò ju nǹkan bíi wáàtì 15 lọ. Bátìrì tó ń gba agbára láti ara oòrùn lè gbé e.

Ṣùgbọ́n àìní fáànù kò túmọ̀ sí àìní ooru. Ooru inú ẹ̀rọ náà ní láti gba ara irin jáde bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó gbóná yóò gòkè, èyí tó tutù yóò sì wá rọ́pò rẹ̀. Bí ọ̀nà yìí bá dí, ẹ̀rọ náà yóò dín eré rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Bí ọpọlọ Raspberry Pi 4 bá ti gbóná dé dígírì 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹsẹ̀ ló ń wọ́. Ọmọ tó ń ṣe ìdánrawò yóò rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ooru ló há sí i lára. Ní kúkúrú, ibi tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà aláìní-fáànù sí gan-an ni fáànù rẹ̀.

Ìfẹ́ ni àwọn ará ilé mìíràn fi ń pa á. Bí wọ́n ti ń fi aṣọ tí wọ́n fi òwú hun bo tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bo kọ̀ǹpútà, àní nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn a gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù. Aṣọ tó ń mú ara ènìyàn móoru ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kò lè mú ara kọ̀ǹpútà tutù.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó. Kí wọ́n fi ìdérí ìgò mẹ́rin gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀rọ náà sókè lórí tábìlì, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Èyí tó bá jẹ́ àpótí kékeré, kí wọ́n gbé e dúró ní òró. Kí ó jìnnà sí ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa. Kí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó kọjú síra wà ní ṣíṣí. Iṣẹ́ tó wúwo, kí ó di àfẹ̀mọ́jú tàbí alẹ́. Bí ìdílé bá ṣì ní ilé alámọ̀ àtijọ́, yàrá ìyá àgbà lè sàn fún kọ̀ǹpútà ju pálọ̀ símẹ́ǹtì lọ, nítorí ògiri amọ̀ tó nípọn kì í tètè gbóná lọ́sàn-án.

Omi ńkọ́? Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan láti àríwá Nàìjíríà, gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí ìkòkò méjì tó kì bọ ara wọn, tó fi iyanrìn tútù sí àárín wọn. Ewébẹ̀ inú rẹ̀ kì í tètè rà. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ní àkókò òjò ní Èkìtì, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi tẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, omi àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá fi aṣọ tútù tàbí yìnyín ti kọ̀ǹpútà ń sá fún ooru lọ bá ikú ni.

Àwọn kan yóò ní ọgbọ́n òtòṣì nìyí. Irọ́ ni. Apple yọ fáànù kúrò nínú MacBook Air tó gbé jáde ní ọdún 2020. Raspberry Pi 400 tó jáde ní ọdún kan náà, pẹlẹbẹ irin ńlá ni wọ́n fi sábẹ́ bọ́tìnnì ìtẹ̀wé rẹ̀ kí ooru lè tàn káàkiri. Ohun tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fi irin bẹ̀rẹ̀, ilé ni yóò parí rẹ̀.

Ó yẹ kí ìjọba náà gbọ́. Ní ọdún 2012, lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, Ìpínlẹ̀ Èkìtì pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Ìgbésẹ̀ rere ni. Ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ìjọba tàbí ọmọ ìlú tó wà lókè òkun, kí ó kọ́kọ́ wo òkè yàrá: ǹjẹ́ àjà wà lábẹ́ páànù? Ǹjẹ́ fèrèsé kọjú síra? Owó àjà kéré sí owó kọ̀ǹpútà ogún tí ooru bàjẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ilé sì ni ẹ̀sọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.